Ka Ìwé Tó Ń Gbé Ọ Kiri

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbá bésíbọ́ọ̀lù nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdọọdún, bí ìdánrawò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Florida àti Arizona, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á pín àwọn ọmọ rẹ̀ sí ìpele-ìpele. Wọ́n á ní kí ẹnì kan máa lọ sí Triple-A, kí ẹlòmíràn gba Single-A lọ, kí ẹnì kẹta dúró sí ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Àwọn kan sì wà tí wọ́n á kàn sọ fún pé kí wọ́n di ẹrù wọn, ẹgbẹ́ kò fẹ́ wọn mọ́. Ọ̀sẹ̀ náà máa ń le. Ọmọ tó ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré á wá jókòó síwájú ọ̀gá kan nínú ọ́fíìsì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á sì fi parí.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ rèé: ìwé tó ń gbé yín kiri láti ìpele kan sí òmíràn ní òfin tirẹ̀, òfin náà kì í sì í fi gbogbo ìgbà bá ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe mu. Ọmọ tí kò bá mọ òfin yìí á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Á rò pé ẹ̀bùn òun ti tán, nígbà tó jẹ́ pé àyè ni kò sí. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n tó ń pariwo pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Àwọn méjèèjì ni mò ń bá wí.

Houston ni mo ń gbé. Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbí, láti Alief títí dé Richmond àti Sugar Land, nítorí náà ẹgbẹ́ Astros ni mo mọ̀ jù. Lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá náà, ìpele mẹ́rin ló wà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin rẹ̀: Fayetteville ní North Carolina ni Single-A, Asheville ní ìpínlẹ̀ kan náà ni High-A, Corpus Christi létí òkun Texas níbí ni Double-A, Sugar Land sì ni Triple-A. Kó tó kan Fayetteville, ibùdó kan wà ní West Palm Beach ní Florida, òmíràn sì wà lórílẹ̀-èdè Dominican, níbi tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láti Sugar Land sí pápá Astros láàárín ìgboro Houston, mọ́tò kì í fi wákàtí kan rìn ín bí ọ̀nà bá dá. Ọ̀pọ̀ ló sì dé Sugar Land tí kò kọjá ibẹ̀.

Ẹgbẹ́ 30 ló wà ní líìgì àgbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní irú ìpele mẹ́rin yìí, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120. Kí ọdún 2021 tó dé, wọ́n tó 160. Líìgì àgbà ló gé wọn kù, àwọn ìlú kéékèèké kan sì pàdánù ẹgbẹ́ tí bàbá ńlá wọn ti ń wò. Láti ọdún 2024, orúkọ àwọn ọmọ líìgì kékeré tí ẹgbẹ́ kan lè kọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ju 165 lọ. Lókè lọ́hùn-ún, àwọn 26 ló máa ń wọṣọ ẹgbẹ́ ńlá fún èyí tó pọ̀ jù nínú sáà. Ẹ fi 26 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 165 wò, kí ẹ tó dá ara yín lẹ́jọ́.

Branch Rickey ni ọkùnrin tó dá ètò yìí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ Cardinals ti St. Louis láàárín ọdún 1920 sí 1930. Cardinals kò lówó tó àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá láti máa ra ọmọ tó ti gbó, ló bá ní kí wọ́n máa tọ́ tiwọn láti kékeré. Òun náà ló mú Jackie Robinson, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, wọ Brooklyn Dodgers lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kò mú un lọ sí Brooklyn tààrà. Montreal ló kọ́kọ́ rán an lọ ní 1946, Robinson sì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó tó o nínú líìgì náà lọ́dún yẹn. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 1947 ló tó wọ pápá fún Brooklyn. Ọkùnrin ọdún 28 ni lọ́jọ́ náà. Ṣé nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dá ni wọ́n ṣe fi í sí ìpele ìsàlẹ̀? Rárá. Awọ ara rẹ̀ ni, àti ìwà ibi tó wà nílẹ̀ yìí nígbà náà. Ẹ rí i pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ètò yìí ni ibi tí a rán èèyàn lọ ti yàtọ̀ sí ohun tí èèyàn jẹ́.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dunjú jù ni ti ọdún 2013. Lọ́dún náà, Astros ló kọ́kọ́ yan ọmọ nínú ètò draft, tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan ọmọ tuntun ní ìpele-ìpele. Mark Appel ni wọ́n mú, ajubọ́ọ̀lù láti Yunifásítì Stanford, wọ́n sì fún un ní owó ìbuwọ́lùwé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Ẹgbẹ́ Cubs ti Chicago ló tẹ̀lé wọn. Wọ́n mú Kris Bryant.

Bryant gbá họ́ómù-rọ́ọ̀nù 43 ní Double-A àti Triple-A lọ́dún 2014. Nígbà ìdánrawò ọdún 2015, ó gbá mẹ́sàn-án sí i, kò sẹ́ni tó jù ú lọ níbi kankan. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n pín àwọn ọmọ, Iowa ni wọ́n rán an padà sí, ní Triple-A. Wọ́n ní kó lọ tún bó ṣe ń mú bọ́ọ̀lù ṣe. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ni wọ́n pè é wá sí Chicago. Ẹ wá wo ìṣirò rẹ̀. Ọjọ́ 172 ní líìgì àgbà ni wọ́n ń kà sí ọdún kan gbáko. Nígbà tí sáà parí, ọjọ́ 171 ni Bryant ní. Ọdún mẹ́fà ni agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ pé kó tó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ni ín, kó ta ara rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó dín yẹn fún Cubs ní ọdún kan sí i lórí rẹ̀. Ọmọ náà gba ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó dára jù lọ́dún 2015, ó gba ti agbábọ́ọ̀lù tó níye lórí jù lọ́dún 2016, ọdún tí Cubs gba ife-ẹ̀yẹ tí wọn kò gbà láti 1908. Ó pe ẹjọ́ lórí ọjọ́ kan tó dín yẹn. Lọ́dún 2020, onídàájọ́ ní ẹgbẹ́ ló jàre.

Inú mi kò dùn sí ìdájọ́ yẹn, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Nínú àdéhùn tuntun tí wọ́n ṣe ní 2022, wọ́n fi kún un pé ẹni tó bá ṣe ipò kìíní tàbí ìkejì nínú ìdíje ẹ̀yẹ ọmọ tuntun á gba odindi ọdún kan. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ẹ̀yin wà síbẹ̀: bí wọ́n bá lè rán irú Bryant padà sísàlẹ̀ lẹ́yìn họ́ómù-rọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, kí ló dé tí ìwọ á fi gbà pé ìwé tí wọ́n fún ọ jẹ́ ẹ̀rí pé o kò dára?

Appel ńkọ́? Ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Òun kò ṣe dáadáa. Àwọn tó ń fi igi dúró dè é ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kiri, èjìká àti ìgúnpá sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ìparí ọdún 2015, Astros fi í ṣe pààrọ̀ lọ sí Phillies. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ó ní òun ti tó bẹ́ẹ̀, ó sì lọ jókòó sílé. Àwọn èèyàn ń pè é ní ẹni tó já ètò draft kulẹ̀. Ní 2021 ó padà wá, kò béèrè ipò ńlá, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní líìgì kékeré. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 2022, ó ju bọ́ọ̀lù fún Phillies ní líìgì àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n ti fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni. Ìwé kò rẹ́ Appel jẹ. Ọwọ́ ni kò tíì tó nǹkan, ó sì gbà bẹ́ẹ̀, ó lọ wá ọ̀nà tún un ṣe. Ẹni tó bá mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ọ̀nà méjèèjì yìí ló lè mọ ohun tí yóò ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nísinsìnyí, òfin. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tó gba orúkọ 40. Inú wọn ni àwọn 26 ti ń jáde. Bí orúkọ rẹ kò bá sí nínú ìwé 40, o kò lè wọ pápá líìgì àgbà, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ dá tó, àfi kí wọ́n yọ orúkọ ẹlòmíràn kí wọ́n fi tìrẹ sí i bí ìwé náà bá ti kún. Bí orúkọ rẹ bá wọbẹ̀, ẹgbẹ́ ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n lè fi máa rán ọ sísàlẹ̀ kí wọ́n sì máa pè ọ́ padà. Láti 2022, wọn kò gbọdọ̀ rán ọ sísàlẹ̀ ju ìgbà márùn-ún lọ nínú sáà kan. Bí o bá sọ̀kalẹ̀, ó kéré tán wàá lo ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀, ọjọ́ 15 bí o bá jẹ́ ajubọ́ọ̀lù, àyàfi tí ẹnì kan bá fara pa lókè. Nígbà tí ọdún mẹ́ta náà bá pé, wọn kò lè rán ọ sísàlẹ̀ mọ́ láìkọ́kọ́ fi ọ́ síta fún àwọn ẹgbẹ́ yòókù, kí ẹni tó bá fẹ́ ọ mú ọ.

Ṣé ẹ rí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Bí àwọn méjì bá ń du àyè kan, tí ọ̀kan ṣì ní ọdún ìránpadà lọ́wọ́, tí èkejì kò ní, èyí tó ní ni wọ́n sábà máa ń rán lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò padà wá. Ajubọ́ọ̀lù lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìkùnà kan lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, kó sì wà lójú ọ̀nà Sugar Land láàárọ̀ Sọ́ńdè, nítorí pé apá rẹ̀ ti rẹ̀, ẹgbẹ́ sì nílò apá mìíràn fún ọjọ́ náà. Bí o kò bá mọ̀, wàá sun ẹkún. Bí o bá mọ̀, wàá jẹun, wàá sùn, wàá tún lọ ju bọ́ọ̀lù.

Òfin mìíràn wà tó ń ṣí ọ̀nà fún àwọn tí ẹgbẹ́ tiwọn kò rí. Nínú oṣù Kejìlá, ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lábẹ́ ẹgbẹ́ kan, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ṣe rí nígbà tó buwọ́ lùwé, tí wọn kò sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé 40, ẹgbẹ́ mìíràn lè mú un. $100,000 ni wọ́n máa san, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi í sínú àwọn 26 fún odindi sáà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní kí ẹgbẹ́ tó ti kúrò wá gbà á padà ní ìdajì owó náà. Irú ọ̀nà yìí ni Roberto Clemente gbà. Ọmọ Puerto Rico ni, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Dodgers fi í pamọ́ sí Montreal ní 1954, wọn kì í sábà jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù. Ní ìparí ọdún náà, Pirates ti Pittsburgh yọ $4,000 péré, wọ́n sì mú un lọ. Ìgbà 3,000 ló gbá bọ́ọ̀lù tó sì dé ibùdó kó tó kú sínú ọkọ̀ òfuurufú lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1972, níbi tó ti ń gbé oúnjẹ àti oògùn lọ fún àwọn tí ilẹ̀ ríri bá ní Nicaragua. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ni ín kò lò ó. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kù.

Ọ̀nà kan ò wọjà. José Altuve lọ sí ibi àyẹ̀wò Astros ní Venezuela, wọ́n wo bó ṣe kúrú, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Bàbá rẹ̀ ní kó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó lọ. $15,000 ni wọ́n fi gbà á ní 2007. Lọ́dún 2011 ó bẹ̀rẹ̀ ní High-A, ó gba Corpus Christi kọjá, nígbà tó sì di oṣù Keje ó ti wà ní Houston láìdé Triple-A rárá. Albert Pujols, ẹni 402 ni wọ́n yàn án nínú draft ọdún 1999. Ọdún kan péré ló fi gbá bọ́ọ̀lù ní ìsàlẹ̀, ibi tó sì pẹ́ sí jù ni Single-A. Ní òdìkejì, Drew Maggi lo ọdún 13 ní líìgì kékeré kí Pittsburgh tó pè é ní oṣù Kẹrin 2023, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 33. Ní Pittsburgh yẹn náà ni Gift Ngoepe láti South Africa ti di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tó gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì àgbà, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 2017. Láti 2008 ló ti buwọ́ lùwé.

Tiwa náà ti rin ọ̀nà yìí. Demi Orimoloye, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Kánádà, ni ẹgbẹ́ Brewers yàn ní ìpele kẹrin draft ọdún 2015. Ní 2018 wọ́n fi í ṣe pààrọ̀ lọ sí Blue Jays. Líìgì kékeré ló ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ojú kékeré wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì dúró síwájú ajubọ́ọ̀lù Double-A rí. Michael Jordan, tí gbogbo ayé mọ̀ nínú básíkẹ́ẹ̀tì, dúró síbẹ̀ ní 1994 fún Birmingham. Nínú ìgbà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ló ń rí bọ́ọ̀lù gbá dáadáa. Ẹ má gbàgbé ìyẹn nígbà tí ìbátan kan bá bi yín níbi àríyá pé ìgbà wo lẹ máa tó hàn lórí tẹlifíṣàn.

Tí ó bá wá jẹ́ pé ọwọ́ ló kù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ kì í fi ẹ̀rọ ránṣọ oníbàárà kó tó mọ bí a ti ń gé pépà. High-A wà kí o lè ba nǹkan jẹ́ níbi tí kò ti gbówó lórí. J. D. Martinez wà ní Astros, kò ṣe dáadáa. Ó lọ wo fídíò àwọn ọ̀gá, ó tú bó ṣe ń ju igi palẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì tún un kọ́. Ní oṣù Kẹta 2014, kí ẹnikẹ́ni ní Houston tó fara balẹ̀ wo ohun tuntun náà, wọ́n ti lé e. Tigers rán an lọ sí Toledo ní Triple-A. Nínú eré 17, ó gbá họ́ómù-rọ́ọ̀nù mẹ́wàá, wọ́n sì pè é sókè kíá. Ní 2018 ó gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú Boston. Wọ́n lé e lẹ́yìn tó ti tún ara rẹ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ pé ìwé ìlékúrò ló gbọ́ tirẹ̀, ì bá ti ju ọ̀nà tuntun yẹn sígbó.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin òbí, nítorí mo mọ ìbẹ̀rù yín, mo sì bá yín pín nínú rẹ̀. Ìwé-ẹ̀kọ́ ni a fi gbé ara wa dé ilẹ̀ yìí, kò sì wù wá kí ọmọ fi yunifásítì sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí: ọmọ tó bá fẹ́ buwọ́ lùwé lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ní kí ẹgbẹ́ kọ owó yunifásítì rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn. Ẹ má jẹ́ kó buwọ́ lù ú bí owó yẹn kò bá sí nínú rẹ̀. Bó bá sì yan yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin, yóò dúró títí yóò fi parí ọdún kẹta tàbí tí yóò fi pé ọmọ ọdún 21 kí wọ́n tó tún lè yàn án. Ìpele 20 péré ni draft ní báyìí. Mike Piazza tí wọ́n yàn ní ìpele 62 lọ́dún 1988, tó sì wọ ilé àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù lẹ́yìn náà, kò ní rí ìpele tí wọ́n á ti pe orúkọ rẹ̀ lónìí.

Owó ibẹ̀ ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì tíì pọ̀. Ní 2022 ni àwọn ọmọ líìgì kékeré wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n sì ṣe àdéhùn wọn àkọ́kọ́ ní 2023. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní ẹni tó wà ní Single-A kò gbọdọ̀ gbà kéré sí $26,200 lọ́dún, Triple-A $35,800. Kó tó di ìgbà náà, $11,000 ni ti Single-A. Àwọn ẹgbẹ́ ló sì ń san owó ilé fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún 2023 kan náà, ẹni tó kéré jù ní líìgì àgbà gba $720,000. Àlàfo yẹn ló ń mú kí ọmọ máa fi ìrora èjìká pamọ́ fún dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ilé ìtọ́jú ẹgbẹ́ kò ní gbé ọ jù sílẹ̀ kíákíá bí apá tó já ṣe máa gbé ọ jù.

Ní òpin sáà, wọ́n á pè ọ́ jókòó kí o tó lọ sílé. Má kàn máa mi orí níbẹ̀. Béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí o tún ṣe kí ọdún tó yí po, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní pàtó. Béèrè ọdún tí ẹgbẹ́ mìíràn á lè mú ọ nínú oṣù Kejìlá, àti iye ọdún ìránpadà tó kù fún ọ bí orúkọ rẹ bá ti wà nínú ìwé 40. Kọ gbogbo ìdáhùn sílẹ̀ kí o tó kúrò nínú ilé náà, kí o sì fi ọjọ́ sí i.

Àti ẹ̀yin tí ẹ bá wà ní Sugar Land ní sáà yìí: ọjọ́ Mọ́ńdè ni ẹ sábà máa ń sinmi. Oúnjẹ wà nílé wa, àwọn agbẹjọ́rò sì wà láàárín wa tí wọ́n mọ irú ìwé báyìí í kà. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ìwé àdéhùn yín dání.